Ohùn Mùjídátù Tí Wọ́n Fi Ta Àgbo

Tí ẹ bá dé Niger Street ní Kano lónìí, tí ẹ bi Mùjídátù léèrè ohun tó da òun àti ilé-iṣẹ́ rédíò pọ̀, yóò pa máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ tì, yóò sì sọ ọ́ fún yín láìfi ibì kan pa mọ́. Inú ṣì ń bí i. Inú ń bí èmi náà tí mò ń sọ ọ́ yìí.

Kano ni wọ́n bí i sí. Ará Ọ̀fà ni bàbá rẹ̀, aṣọ ló tà ní ọjà Kantin Kwari títí tó fi kú. Mùjídátù ní tirẹ̀ ń rán aṣọ iléèwé, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo Sabon Gari, àdúgbò wa, fi mọ̀ ọ́n ni ètò Yorùbá tó máa ń ṣe lórí rédíò ní ọ̀sán Sátidé. Ẹni tó kú, ẹni tó bímọ, ibi tí ìpàdé ọmọ ìlú yóò ti wáyé, òun ló ń kéde rẹ̀. Nígbà mìíràn yóò pe Alice, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà, wá bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Àwọn ọmọ wa tí wọn kì í dá wa lóhùn àfi ní Hausa, wọ́n mọ ohùn Mùjídátù. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, "Èmi Mùjídátù yín rèé o," àwọn télọ̀ á dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì.

Nígbà tó yá, àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà mú máníjà tuntun wá, Ọ̀gbẹ́ni Charles. Ìbàdàn ló dàgbà sí, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó ní ayé ti kọjá rédíò, orí fóònù ni gbogbo èèyàn wà. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, orin àti bọ́ọ̀lù ni yóò máa jáde lórí afẹ́fẹ́. Àwọn ètò èdè kéékèèké, orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọn yóò máa wà.

Mùjídátù dìde. "Ọ̀gá, rédíò kékeré ni àwọn tó ń gbọ́ mi gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ wọn. Ta ló fẹ́ ra dátà kó tó gbọ́ pé aládùúgbò òun kú?"

"Mama, wọ́n á kọ́ ọ."

"Tí wọn ò bá kọ́ ọ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé àwọn ló fẹ́ kí ayé fi àwọn sílẹ̀."

Seth, ẹnjiníà wọn, fọwọ́ sókè. Ó ní ohùn kan náà tó ń lọ sórí afẹ́fẹ́ lè máa lọ sórí fóònù nígbà kan náà, kò pọn dandan kí wọ́n pa ọ̀kan nítorí èkejì. Charles ní kò sẹ́ni tó bi í.

Mùjídátù gbìyànjú orí fóònù náà fúngbà díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pè wọlé. Ó kí wọn pé ó dìgbóṣe, ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, Rahinat wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọ Bàbá Jímọ́ọ̀ ni, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń gbé àdúgbò Noman's Land. Ọmọbìnrin yìí kì í kí Mùjídátù láìkúnlẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò kí i.

"Hajiya, kí ni bàbá mi fi ṣe yín?"

"Rahinat, kí ló dé?"

"Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ẹ̀! Wallahi, ẹ̀yin lẹ fà á!"

Ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú Mùjídátù, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Mùjídátù jáde ketekete: "Èmi Mùjídátù yín rèé o. Ẹ̀yin tí àtọ̀gbẹ ń bá jà, ẹ da oògùn òyìnbó nù. Àgbo yìí ni mo fún ìyá mi mu."

Mùjídátù ní kó tún un tẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí láyé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ ní àtọ̀gbẹ rí. Àmọ́ ohùn rẹ̀ ni, bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀, bó ṣe ń mí. Rahinat ní orí rédíò ni bàbá òun ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, láàárín orin, kí ẹnì kan tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù òun. Bàbá ní bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló sọ ọ́, òun ò ní gbà. Mùjídátù kì í parọ́ fún àwọn. Bàbá da oògùn àtọ̀gbẹ tí ọsibítù fún un nù, ó ń mu àgbo. Egbò kékeré kan tí ìṣó dá sí i lẹ́sẹ̀ sì di ohun tó di.

Wọ́n jọ lọ sí ọsibítù. Alice wà níbẹ̀, ó ń tún ojú egbò náà dì. Bàbá Jímọ́ọ̀ la ojú, ó rí Mùjídátù, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mùjí, má sunkún. Èmi ò bínú sí ẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dáná sí i lára. Ó gba ibẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò, kò dúró gbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ṣí ilẹ̀kùn Charles.

"Ta ló fi ohùn mi ta àgbo?"

Charles ní kó jókòó. Kò jókòó. Charles ní kì í ṣe ohùn rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n kó àwọn ètò rẹ̀ àtijọ́ fún un, kọ̀ǹpútà náà sì kọ́ bí Mùjídátù ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ níbẹ̀, ti ilé-iṣẹ́ ni.

"Ṣé kọ̀ǹpútà náà ló ń jẹ́ Mùjídátù? Ṣé òun náà ló ní ìyá tó mu àgbo?"

"Mama, ẹ rọra."

"Má pè mí ní Mama! Wọ́n gé ẹsẹ̀ èèyàn! Bọ́ sórí afẹ́fẹ́ nísinsìnyí, kí o sọ pé èmi kọ́."

Charles ní àdéhùn àwọn àti ẹni tó ni àgbo kò tíì parí. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọdé.

Mùjídátù jáde. Ó padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Bàbá Jímọ́ọ̀, Rahinat sì fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Ó ní, "Èmi Mùjídátù rèé, ẹ wo ẹnu mi. Èyí tí ẹ gbọ́ yẹn, èmi kọ́. Ẹ má da oògùn yín nù. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ohùn mi ṣe." Bàbá Jímọ́ọ̀ fúnra rẹ̀ ṣí aṣọ kúrò lórí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi fídíò náà sórí Wásáàpù. Ní Jímọ̀, ìmáàmù kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Ní Sunday, Alice kéde rẹ̀ ní ìjọ. Ó dé Kantin Kwari, ó dé Ọ̀fà, ó dé Jeddah. Àwọn aláṣọ tó ń polówó lórí rédíò náà ní kí wọ́n yọ orúkọ àwọn kúrò.

Ìgbà yẹn ni etí àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà tó ṣí. Wọ́n ránṣẹ́ pe Mùjídátù. Ó ní òun ò gba ẹ̀bẹ̀ inú yàrá. Charles ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, lórí afẹ́fẹ́ àti lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, ní Yorùbá, kí wọ́n sì tún un sọ ní Hausa. Charles sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n a gbọ́.

Ètò náà ti padà sí ọ̀sán Sátidé. Seth ló so ó pọ̀: bó ṣe ń lọ sínú rédíò kékeré ní Noman's Land, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ sórí fóònù àwọn ọmọ Sabon Gari tó ti ṣí lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n sì ń fi ohùn wọn ránṣẹ́ wọlé. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ti pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ mọ̀ pé Charles ń káàkiri ìpàdé àwọn oníròyìn, tó ń sọ pé òun lòun ronú rẹ̀? Mùjídátù kì í dá a lóhùn tí wọ́n bá pàdé lórí àtẹ̀gùn.

Ìjókòó ni Bàbá Jímọ́ọ̀ fi ń rẹ́ pákó báyìí. Ó ti gbé rédíò rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó ní ọkàn òun kò tún lè gba ohùn kankan gbọ́ tí òun kò bá rí ẹnu tó ti ń jáde. Mùjídátù kò bá a jiyàn. Ní àárọ̀ Sátidé, kó tó lọ sí sítúdíò, yóò kọ́kọ́ gba Noman's Land, yóò jókòó lórí àpótí nídìí pákó, yóò sọ gbogbo ohun tó fẹ́ kà fún bàbá náà: ẹni tó kú, ẹni tó bímọ, ibi tí ìpàdé wà.