Etí Tí Bàbá Yá Lọ́wọ́ Mi

"Kí ló wí?" Bàbá pariwo bí ẹni pé òdìkejì títì ni mo wà, bẹ́ẹ̀ etí mi kò jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ó gbé ègé igi kan tí kò ju àtàǹpàkò méjì lọ sí ẹ̀bá etí mi, ó fi orí ìṣó kàn án. Kóó. Mo dijú. Ó tún kàn án. Kóó. Mo ní ó dára. Ó ní ṣé ó dá mi lójú? Mo ní ó dá mi lójú. Kí n tó lajú, ó ti dìde lórí àpótí, ó ti gbé igi náà lọ sẹ́nu ọ̀nà láti fi oòrùn wò ó, ó sì ti ń mirí. Igi náà dún dáadáa, ṣùgbọ́n kò lẹ́wà tó.

Inú àgbàlá kan náà la jọ ń gbé ní Kakuri, nílùú Kaduna, yàrá rẹ̀ àti tiwa sì fara kanra. Kì í ṣe ẹbí wa, àmọ́ kò sí ọmọ inú ilé náà tí kì í pè é ní Bàbá. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe ní ilé iṣẹ́ aṣọ, ariwo àwọn ẹ̀rọ náà sì ti jẹ etí rẹ̀ tán kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àfi kí gbogbo àgbàlá bá a gbọ́.

Iṣẹ́ tó wá kù fún un ni kó máa tún ọ̀pá ìwọ̀ ṣe fún àwọn òyìnbó ilé iṣẹ́ tí wọ́n máa ń lọ pẹja lódò Kaduna ní ọjọ́ Sátidé. Kì í ṣe ọ̀pá oparun tiwa o. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́, wọ́n sì fi ń ju ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ wé títí tó fi jọ eṣinṣin. Nísàlẹ̀ ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú ni kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ká okùn sí wà, kẹ̀kẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń jókòó lé. Ìjókòó ni Bàbá ń pè é. Ó ní ibẹ̀ lojú kọ́kọ́ máa ń bọ́ sí, ibẹ̀ ni ẹni tó ni ọ̀pá fi ń ṣe fáàrí fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìgbà tí mo ń sọ yìí, láàárín àwọn ọdún 1990, ọ̀gá òyìnbó kan fẹ́ padà sílé. Olórí àwọn òṣìṣẹ́ gbé ọ̀pá ọ̀gá náà wá bá Bàbá, ìjókòó irin rẹ̀ ti dípẹtà. Wọ́n ní kó fi nǹkan tó lẹ́wà rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn ìdágbére. Láti ọjọ́ náà ni ìdí Bàbá kò ti gbé ilẹ̀ mọ́. Ó gba ìwo màlúù lọ́wọ́ àwọn alápatà, ó sè é títí àgbàlá fi ń rùn bí irun tó jóná. Ó ní ìwo ń dán lóòótọ́, àmọ́ omi lè mú kó wú. Ó gbẹ́ eegun, ó ní àwọ̀ rẹ̀ dà bí eyín arúgbó. Ó mú kirya, igi tí àwọn Hausa fi ń gbẹ́ odó, ó ní ó le bí irin ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra. Ohun tó bá mú láàárọ̀, yóò jù ú nù lọ́sàn-án.

"Haba Bàbá, ẹ jókòó mana!" Ìyá alákàrà tó ń gbé yàrá iwájú ló ń ké sí i. "Ṣé nítorí kẹ̀kẹ́ kan lẹ ò ṣe ní simi?"

"Bí mo bá jókòó, ṣé ìwọ lo máa bá mi wá a ni?" Bàbá dá a lóhùn, ó sì tún jáde.

Ẹ̀mí tèmi náà kò balẹ̀. Ọ̀gá òyìnbó yìí gan-an ló buwọ́ lu ìwé tí wọ́n fi dá bàbá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, òun àti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láràárọ̀ bàbá mi á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ń lọ síbi iṣẹ́, á rìn dé àdúgbò Trikania, á tún rìn padà, ìyá mi á sì gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ láìbéèrè nǹkan kan. Inú ń bí mi sí òyìnbó náà. Inú sì ń bí mi sí Bàbá tó ń fi gbogbo ara wá ohun ẹwà fún un. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, ìbínú mi sì jù mí lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá ti àdúgbò Nasarawa dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ ibùsùn àtijọ́ kan. Igi tí àwọn Hausa ń pè ní madobiya ni. Ó fi ayùn gé díẹ̀ lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ gba yàrá kan. Ó tutọ́ sí i, ó fi àtàǹpàkò pa á. Àwọ̀ pupa bí epo yọ jáde, ìlà dúdú sì wọ́ lọ wọ́ bọ̀ nínú rẹ̀. Mi ò rí igi tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá gbé e sí etí mi, ó sì kàn án.

Kò dún kóó. Ó dún kẹ̀ẹ̀, bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn dí nímú. Igi náà ti sán nínú, níbi tí ojú kò dé.

"Kí ló wí?"

"Ó dára, Bàbá."

"Ṣé ó dá ọ lójú, ìyá mi?"

"Ó dá mi lójú."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti rí i kó fara balẹ̀ jókòó gbẹ̀yìn. Lọ́kàn mi, mo ní kí igi náà là mọ́ òyìnbó yẹn lọ́wọ́ lójú odò, kí ẹja gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Mo rò pé inú mi máa dùn, àmọ́ kò dùn. Ọjọ́ méjì ni Bàbá fi gbẹ́ ẹ, tó lu ihò sí i, tó fi sáńpépà ha á, tó sì fi òróró pa á. Èmi sì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ń lọ, mo ń bọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo ń fọ abọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohun tí bàbá mi ń sọ fún ìyá mi nínú yàrá.

"Bàbá ní òun fúnra òun ló máa gbé ọ̀pá náà fún ọ̀gá lọ́la. Ó ní bí ọ̀gá bá ti gbà á tán, òun á bẹ̀ ẹ́ kó kọ ìwé fún mi, kí n fi wá iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kejì. Ó ní tìtorí mi ni òun ṣe gba iṣẹ́ yẹn."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó gbọ́," ìyá mi ní.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi kò ju ọjọ́ méjì lọ. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́, mo sáré lọ. Bàbá ti fi ìjókòó náà wọ ọ̀pá, ó ku kó fi góòmù lẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, mo rọra ní, "Bàbá, mo purọ́ fún yín."

"Kí lo wí?"

"Mo purọ́. Igi yẹn kò dára."

"Sọ̀rọ̀ sókè, ọmọ yìí! Ṣebí o mọ̀ pé mi ò gbọ́."

Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá alákàrà wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ ń pọn omi, bàbá mi náà ti jáde wá wo ohun tó fọ́. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè rọra jẹ́wọ́ fún Bàbá. Mo ya ẹnu, mo figbe ta.

"Igi yẹn ti sán! Mo gbọ́ ọ! Mo purọ́ nítorí òyìnbó yẹn ló lé bàbá mi lẹ́nu iṣẹ́!"

"Innalillahi," ni Ìyá alákàrà sọ. Bàbá mi wolẹ̀. Ojú ti èmi, ṣùgbọ́n ó ti òun jù mí lọ, nítorí èmi ni mo kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà sí gbangba.

Bàbá yọ ìjókòó náà kúrò lára ọ̀pá. Ó di orí rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì lọ́ ọ díẹ̀. Ó là sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo inú rẹ̀ títí. Bàbá mi ti ń tú bẹ́líìtì bọ̀, Bàbá na ọwọ́ dá a dúró láìwo ojú rẹ̀. Ó wá da àpò igi rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣa kirya tí kò fani mọ́ra yẹn, ó gé e, ó gbé e sí ẹ̀bá etí mi, ó kàn án.

"Kí ló wí?"

Mo gbọ́ ọ dáadáa, síbẹ̀ ó ń ṣe mí bíi kí n ní kó tún kàn án, kó tún kàn án sí i. "Ó dára, Bàbá!" ni mo pariwo, ẹkún sì gbà mí lẹ́nu.

Mo dúró kó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Kò bi mí. Ó jókòó, ó fa ayùn mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀gá náà gba ọ̀pá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì kọ ìwé náà. Bàbá mi fi ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta ní ilé iṣẹ́ kejì kí àwọn náà tó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, Bàbá padà sí ìlú rẹ̀, ibẹ̀ ló kú sí. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà fún mi mọ́ títí tó fi lọ, èmi náà kò sì tọrọ àforíjì rí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè pariwo ìyẹn.

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò lè yẹ̀ wò, ara mi kì í lélẹ̀. Ojú ìyá mi kò ríran dáadáa mọ́, èmi ló sì ń ní kí n ka ohun tí dókítà kọ sára oògùn fún òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń kà á kí n tó lanu. Ọkọ mi ní mo ti ń pẹ́ jù kí n tó dáhùn ọ̀rọ̀. Ká ní Bàbá nà mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni, ǹ bá ti gbàgbé, ọmọ wo ni wọn kò nà rí? Ṣùgbọ́n ó tún gbà mí gbọ́ kí omijé tó gbẹ lójú mi, ẹ̀mí mi kò sì tíì balẹ̀ láti ìgbà náà.