Ìyá Ọlọ́kọ̀ Níwájú Ọkọ̀

Ẹjọ́ mi ni, èmi ni mo gba ọlọ́kọ̀ nímọ̀ràn. Ọmọ Èkìtì ni mí. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi dé Àgbádárìgì, tí mo fi ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tópò láràárọ̀. Ẹ̀rù omi ń bà mí, mi ò sì fi bò. Mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé wa kọjá pé tó bá ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, èrò á ya lù ú.

Ó rà á. Ìmọ̀ràn mi bẹ́yìn yọ. Àwọn obìnrin tó ń lọ ra ẹja á wo ẹ̀wù náà, wọn á sì kọjá sínú ọkọ̀ kejì tí kò ní nǹkan kan. Ọ̀kan bi í ní gbangba pé, "Kí lo mọ̀ nípa ọkọ̀ ẹ tó o fi ń wọ ẹ̀wù fún wa?" Mo pè wọ́n ní aláìmọ̀kan nínú mi. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo kù nínú ọkọ̀, ọlọ́kọ̀ sì ti ń wá ẹni tó máa ra ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ojú tì mí.

Ní èbúté yẹn, ará ilé ọlọ́kọ̀ tó bá wọ ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọkọ̀ tó dáa. Ta ló máa fi ìyá rẹ̀ ṣeré? Mi ò mọ àṣà yìí. Ọlọ́kọ̀ mọ̀, àmọ́ ará Kankon ni ìyá tiẹ̀, oko ló ti dàgbà, kì í fẹ́ sún mọ́ omi rárá.

Lọ́jọ́ Ajé kan, mo bá ìyá náà níwájú ọkọ̀, ẹ̀wù lọ́rùn, gèlè lórí. Kò ní iṣẹ́ kankan ní Tópò. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi kún. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí ọ̀sẹ̀ fi parí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìgbì kan gbá wa, ìyá náà di ọwọ́ mi mú.

"Tíṣà, ìwọ lo ní kó rà á. Ṣé ẹ̀wù yìí máa ń gbani lóòótọ́?"

Gbogbo èrò yíjú sí mi. Mi ò rí i rí kó gba ẹnikẹ́ni. Inú ìwé ni mo ti kà á.

"Ó máa ń gbani, Màmá."

Ó ní kò burú. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin lé ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀, ó so ẹ̀wù náà mọ́ ọn lára, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀wù náà bo ọmọ náà dé orúnkún.