Babátúndé Ni Mí, Obìnrin Sì Ni Mí

Òórùn kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo fi máa ń mọ̀ pé ìjà ti dé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà nílé àgbẹ̀ á mọ òórùn náà: ó kan, ó dùn díẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ilé-ìwé bí ẹni pé wọ́n fi rán an ni. Nílé wa ní Ìlàré, nílùú Ilé-Ifẹ̀, orí sìmẹ́ńtì iwájú ilé ni ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, máa ń sá a sí. Èmi ni mo máa ń jókòó tì í láàárọ̀ Sátidé láti lé ewúrẹ́. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà yẹn. Màmá á fọwọ́ tú kòkó náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, á wò mí lójú títí, á wá ní, "Nígbà tí ẹ fẹ́ lọ fẹ́ obìnrin Mọdákẹ́kẹ́ yẹn, ṣé ẹ bi mí?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Màá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó, màá ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ẹ ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́! Ohun tí ẹ sọ nígbà tí ẹ mú un wálé nìyẹn."

Babátúndé ni orúkọ mi. Bàbá bàbá mi kú, kò sì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n sin ín ni ìyá mi lóyún. Ta ni ì bá tún wà nínú oyún náà? Wọ́n ní àwọn ará ilé máa ń kí ikùn ìyá mi pé, "Bàbá, ẹ kú ìrìn o." Àgbà ilé wa, ẹni tó máa sọ ọmọ lórúkọ, ti di orúkọ náà mú sẹ́nu láti oṣù mẹ́fà. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó gbé mi lọ́wọ́, ó fi omi kàn mí lẹ́nu, ó fi iyọ̀, ó fi oyin, ó gbàdúrà títí, ó sì pe Babátúndé. Gbogbo ilé ṣe àṣẹ. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í já àdúrà gbà lẹ́nu àgbà. Ìgbà tó parí ni ẹnì kan tó yọ́ sọ fún un pé obìnrin ni. Àgbà ilé náà yẹ aṣọ mi wò, ó dá a padà. Ó ní, "Ṣé ó sọ fún yín pé fìlà lòun máa dé wá ni?"

Àwọn ẹbí tún fún mi lórúkọ mìíràn o, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Fúnmiláyọ̀ wà níbẹ̀, ìyá ìyá mi ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà a máa sọ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní tiwa, ilé ni wọ́n wò, wọn ò wo ọmọ.

Ẹ má rò pé orúkọ náà ò ní èrè tirẹ̀. Ìyá mi kò lè na bàbá ọkọ rẹ̀ láìtọrọ gáfárà. Tí mo bá dáràn, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú mi pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́, á ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ ni mo fẹ́ nà, kì í ṣe ẹ̀yin." Lẹ́yìn náà ni pàṣán á balẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá Bàbá máa ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lóòótọ́. Èmi kì í rí àyè sún.

Ilé-ìwé ni wàhálà wà. Orúkọ mi wà lára orúkọ àwọn ọkùnrin, nítorí náà lọ́jọ́ Jímọ̀ tí àwọn obìnrin bá ń gbálẹ̀, èmi á mú àdá lọ gé koríko lẹ́yìn ọ́fíìsì ọ̀gá. Mo lọ bá tíṣà wa pé obìnrin ni mí. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó ní ìwé ni òun ń tẹ̀lé. Àwọn ọmọkùnrin tó wà nídìí koríko ò jẹ́ kí n gbádùn: "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá! Irùngbọ̀n yín dà? Ṣé ìyàwó yín kékeré ló fá a ni?" Mo ń sunkún, mo ń gé koríko. Kí n má purọ́, mo mọ koríko gé jù wọ́n lọ.

Mo sunkún délé fún ìyá mi, ó ní, "Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ẹni tó bá ń já ìjánu, inú igbó ló ń lọ." Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò kúkú sọ mí ní Yétúndé, kó sáà jọ tobìnrin. Ó yára bò mí lẹ́nu. "Ṣé o fẹ́ pa Màmá ni? Ìyá tó ń jẹun nínú yàrá lọ́hùn-ún, ibo ló lọ tó fi máa padà dé?"

Nígbà tí mo dé ìwé kẹfà, tí fọ́ọ̀mù ìdánwò ìwọlé sí sẹ́kọ́ńdìrì jáde, mo pinnu pé mi ò ní gbé Babátúndé wọ ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo ti ń wo dígí. Wọ́n ní orúkọ tí èèyàn bá kọ síbẹ̀ ló máa bá a dé orí ìwé-ẹ̀rí. Mo bẹ bàbá mi fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Níkẹyìn ó ní ó dáa, òun máa gbàyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ká lọ gba ìwé ìbúra ní kóòtù, kí Fúnmiláyọ̀ di orúkọ àkọ́kọ́. Mo fò sókè.

Màmá gbọ́. Kò bínú, kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó kàn dákẹ́ sí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe máa ń rí: tó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, "ìwọ ọmọ yìí" ni, tó bá fẹ́ bá mi jà, "ẹ̀yin" ni, torí kì í ṣe ọmọ ló ń bá wí. Láti ọjọ́ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kóòtù, "ìwọ ọmọ yìí" nìkan ló kù. Ní Sátidé, mo jókòó ti kòkó láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, kò fi ẹ̀sùn kankan kàn mí. Ẹ wo ọmọ tí wọn ò bá jà tó ń wá ìjà: mo tiẹ̀ dárúkọ obìnrin Mọdákẹ́kẹ́ fúnra mi. Ó ní, "Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn tí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣa kòkó tó ti bàjẹ́ kúrò nínú èyí tó dáa. Kò gbójú sókè.

"Wọ́n ní ọ̀la lẹ ń lọ," ó ní. "Ẹ máa lọ. Ẹ ti gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì bi yín."

Ó ju kòkó bíbàjẹ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ojoojúmọ́ lẹ máa ń jí mi kí ẹ tó lọ sóko. Ogójì ọdún. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ dìde, ẹ lọ, ẹ ò jí mi. Ọ̀sán ni wọ́n gbé yín wálé. Kí ni mo ṣe fún yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?"

Ó jẹ́ kí kòkó ọwọ́ rẹ̀ jábọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé gbogbo ẹjọ́ obìnrin Mọdákẹ́kẹ́ yẹn, ẹjọ́ ẹnu lásán ni. Èyí ni ẹjọ́.

"O ò ṣe nǹkan kan," mo ní. "O ń sùn dáadáa ni. Àánú rẹ ṣe mí, mi ò lè jí ọ."

Ká ní ìyá mi gbọ́ bí mo ṣe dá a lóhùn, ì bá gbá mi létí. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òkú ló gba ẹnu mi sọ̀rọ̀. Èmi ni mo máa ń sùn ti Màmá. Mo mọ bó ṣe máa ń ká ẹsẹ̀ jọ bí ọmọdé, tó máa fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá rí i báyẹn ò ní jí i.

Màmá fi etí ìró nu ojú. "Ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ máa lọ yí orúkọ yín padà."

Ló bá di Mọ́ńdè, bàbá mi wọ bàtà, èmi ni mo ní mi ò lọ mọ́. Ó pariwo: "Mo ti gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi! O fẹ́ sọ mí di òpùrọ́?" Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ti kòkó ni Màmá yíjú sí mi. "Ẹ̀yin," ó ní, "ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ti tán o."

Bí Babátúndé ṣe bá mi dé orí ìwé-ẹ̀rí sẹ́kọ́ńdìrì nìyẹn, tó bá mi dé ilé ọkọ. Ní kílíníìkì aboyún, nọ́ọ̀sì ní, "Orúkọ ìyàwó là ń béèrè o, kì í ṣe tọkọ." Ọkọ mi ti mọ ipa tirẹ̀, á ní, "Èmi kọ́, bàbá yìí ló lóyún."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, gbọ́ tí wọ́n pè mí lórúkọ ní báńkì. Ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé bàbá ni yín tẹ́lẹ̀ ni?" Mo gbé e jókòó lẹ́sẹ̀ mi, mo ṣàlàyé ikú, mo ṣàlàyé ìpadàbọ̀, mo ṣàlàyé kóòtù. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ṣé bàbá ni yín?"

Mo ní kó jẹ́ kí n ronú sí i. Ẹ wò ó. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí mi ò mọ nǹkan kan, Màmá bi mí ní ìbéèrè tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì ronú rárá.