Ẹni Tó Ń Fi Etí Tún Gíà Ṣe

Kí oníkẹ̀kẹ́ tó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe yóò ti mọ ohun tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ náà. Láti orí àpótí tó jókòó sí ni yóò ti pariwo pé, "Ṣéènì ẹ ń bá gíà kẹta jà o!" Oníkẹ̀kẹ́ á la ẹnu sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Elétí-Ehoro, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Táyà tó jò, ta ni kò lè lẹ̀ ẹ́? Gíà ni iṣẹ́ tó ń gba sùúrù. Yóò gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ sórí ìkọ́ tó rọ̀ láti òrùlé, yóò máa fi ọwọ́ ọ̀tún yí pẹ́dà, yóò máa fi ọwọ́ òsì ti ṣéènì láti orí eyín kékeré, irin rìbìtì tí ṣéènì ń gùn, lọ sórí eyín ńlá, yóò sì di ojú. Bí wáyà tó ń fa gíà bá dẹ̀ jù, ṣéènì kì í fẹ́ gun eyín ńlá. Yóò máa ké kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí ẹni tí wọ́n ní kó gun àkàbà lóru ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ń dùn ún. Bí wáyà bá le jù, á fẹ́ fò kọjá ibi tí wọ́n rán an. Elétí-Ehoro á wá yí kókó kékeré tí wáyà gba inú rẹ̀ kọjá, ìdajì ìyípo, ìdá mẹ́rin ìyípo, títí ariwo náà yóò fi lọ pátápátá. Gíà tó dákẹ́ ni gíà tó dára. Bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó yé e. Ó ti tó ọdún méjì tí gbogbo kẹ̀kẹ́ tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti ń dákẹ́ díẹ̀ díẹ̀, ó sì kọ́kọ́ rò pé ọwọ́ òun ló ń dán sí i. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ṣì ń dé etí rẹ̀ bí wọ́n bá dojú kọ ọ́. Ohùn tín-ín-rín ni kò dé mọ́. Lọ́jọ́ kan, òjò rọ̀ sórí páànù òrùlé, omi tó ń kán lára fìlà oníbàárà kan ló fi mọ̀ pé òjò ń rọ̀. Ọjọ́ yẹn ló yé e pé kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ló dákẹ́.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò gbé gíà wá fún Elétí-Ehoro tí etí ti di? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ṣe é, ó ń tẹjú mọ́ ṣéènì, ó ń ka eyín. Àmọ́ ojú náà kì í ṣe ojú ọmọ ogún ọdún mọ́.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì tó máa ń lọ tọ́jú àwọn aláìsàn nílé wọn lórí òkè dé. Kò gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá, ńṣe ló ń tì í bọ̀. Báńdéèjì funfun wà lórúnkún rẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ẹ wá wo ohun tí gíà tẹ́ ẹ tún ṣe fi mí ṣe."

"Kí ló ṣẹlẹ̀, ọmọ mi?" Kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọmọbìnrin náà.

"Lánàá, mo dé ìdajì òkè, mo ní kí n bọ́ sí eyín tó fúyẹ́ jù. Ni ṣéènì bá yọ̀ kó tó gùn ún tán, ẹsẹ̀ mi tẹ òfìfo, ó di gbì! Ìyá arúgbó tí mo fẹ́ lọ wẹ egbò ẹsẹ̀ fún ló bá mi wẹ tèmi. Ó ní nọ́ọ̀sì kí ni mo pe ara mi."

"Bóyá tagbáratagbára lo fi ń tẹ pẹ́dà nígbà tó o yí i. Mo ti sọ fún ẹ, kí òkè tó le ni kó o ti yí gíà. Bó o bá sì fẹ́ yí i, dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀."

"Mo dẹ ẹsẹ̀, Bàbá. Kí n tó dé ẹsẹ̀ òkè gan-an ló ti ń ké. Àbí ẹ ò gbọ́ ọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e fún mi?"

"Mo gbọ́," ó wí. "Wáyà tuntun ni. Wáyà tuntun máa ń fà."

Òótọ́ ni pé wáyà tuntun máa ń fà. Irọ́ ni pé ó gbọ́.

Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà kọ́. Ó yí pẹ́dà, kẹ̀kẹ́ dákẹ́. Ó dẹ wáyà, kẹ̀kẹ́ dákẹ́. Ó mú un le, ìdákẹ́jẹ́ kan náà ni. Ogójì ọdún ló fi wá ìdákẹ́jẹ́ yìí lára kẹ̀kẹ́ gbogbo. Ó wá kún ayé fún un báyìí, kò sì wúlò fún nǹkan kan.

"Ṣé ó ti dáa, Bàbá? Ìyá yẹn ń retí mi o."

Ó gbé kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, àmọ́ ọwọ́ bàbá kò kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Báńdéèjì yẹn ló ń wò. Ó rò ó pé orúnkún ni lónìí, ta ló mọ ohun tó máa jẹ́ lọ́la?

"Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀ kí n máa lọ."

"Má gùn ún," ó wí. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀. "Etí mi ti di. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti dáa. Irọ́ ni mo pa fún ẹ lẹ́ẹ̀kan."

Ìyàwó bàbá, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ló dáhùn, ó sì gbé ohùn sókè dáadáa.

"Ẹ kú oríire! Ó tó ọdún kan tí mo ti ń dúró kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Bàbá yíjú sí i. "O mọ̀?"

"Bàbá wọn, ẹni tí mo bú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, kí lẹ fẹ́ kí n rò? Pé ìfẹ́ mi ló ń pa yín?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì kó tó rántí pé kò yẹ kóun rẹ́rìn-ín. Ìyá gbé ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó wá dúró ti kẹ̀kẹ́, ó tẹ etí sílẹ̀.

"Ẹ gbé e kọ́ padà. Ẹ yí i."

Ó yí i.

"Ó ń ké."

"Báwo ló ṣe ń ké?"

"Bí ẹni tó ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò."

Bàbá mọ ariwo yẹn bí ẹni mọ ohùn ọmọ rẹ̀. Wáyà ló dẹ̀. Ó yí kókó náà ní ìdajì ìyípo. "Báyìí ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀. Ó ti di ẹni tó ń kùn sínú."

Nígbà tó rí i pé igbe òun ti ń pọ̀ jù fún gbogbo àdúgbò, ìyá gbé ọwọ́ lé èjìká ọkọ rẹ̀. Bí ṣéènì bá ké, á tẹ èjìká náà. Bó bá dákẹ́, á dẹwọ́. Wọ́n gun eyín kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀, láti orí èyí tó kéré jù, títí dé èyí tó tóbi jù tó ń gbé ènìyàn gun òkè. Lórí eyín yẹn, ọwọ́ ìyá kò tẹ̀ rárá. Bàbá tún yí i lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ náà kò tẹ̀. Ó tún yí i lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn kì í ṣe nítorí kẹ̀kẹ́.

"Màmá, ṣé kí n fọkàn balẹ̀?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Èmi ni mo gbọ́ ọ. Bó o bá ṣubú, èmi ni kó o wá bú."

"Èmi ni kó o bú," ni bàbá wí. "Èmi ni mo yí i. Etí mi ṣì ń gbọ́ èébú bó o bá pariwo."

Nọ́ọ̀sì gun kẹ̀kẹ́, ó dorí kọ òkè tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Tọkọtaya náà jáde wá wò ó. Kí ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ga, bàbá rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọra dẹ̀.

"Ó ti yí i," ni ìyàwó rẹ̀ wí sí i létí.

"Ṣó ké?"

"Rárá."

Ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í yára, ó fúyẹ́, bíi pé kò sí ẹrù lórí rẹ̀. Ó dé ìdajì òkè, ibi tí ọ̀nà ti yà, níbi tó ti ṣubú. Ẹ̀yìn ọmọbìnrin náà kò mì. Ó kọjá ibẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan sókè sí wọn láìwẹ̀yìn, ó ń gùn lọ.

"Mi ò gbọ́ ọ mọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Èmi náà," ni bàbá dáhùn.

Ìyá gbá a lápá, ẹ̀rín sì pa àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni ìyá padà wọlé, ó gbé àpótí bọ́tìnnì rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e sábẹ́ ìkọ́ kẹ̀kẹ́, ó sì jókòó síbẹ̀.