Ìrìn-Àjò Ìyá Pẹ̀lúmi

Bámikẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Pẹ̀lúmi, kò rìnrìn-àjò kankan lọ sí Ṣakí. Yàrá tèmi àti tiẹ̀ ló kọjú síra nílé Alhaja Ṣàkírát ní Igbó-Elérin, èmi ni mo sì gbé báàgì ẹ̀ tẹ̀ lé e lọ sí hòsípítù. Ìju ni wọ́n fẹ́ yọ níkùn ẹ̀. Kó tó kúrò nílé ló ti bẹ̀ mí pé bí ẹnikẹ́ni bá béèrè òun, kí n ní òun lọ kí àwọn èèyàn òun ní Ṣakí. Nígbà tí Alhaja béèrè, bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo wí.

Ẹ má rò pé ìtìjú ni, ìgbàgbọ́ ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìyànà Ìbà, ẹni tó bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ara òun ò yá ti buwọ́ lùwé fún Sàtánì nìyẹn. Ibà á dá Bámikẹ́ dùbúlẹ̀, á ní òun ń sinmi ni. Aládúrà lèmi náà, mo mọ ààwẹ̀, mo mọ àdúrà, àmọ́ irú ìgbàgbọ́ yìí máa ń bí mi nínú. Ṣé Jésù ò rí egbò rí ni?

Ilé búrẹ́dì tó ti ń po ìyẹ̀fun ní Okokomaiko fún un nísinmi. Wọ́n sanwó oṣù kan, wọ́n ní ó tó. Ojú ibi tí wọ́n là wá ṣọyún, oṣù kan di mẹ́rin, owó ilé ọdún sì ti pé. Gbogbo ìgbà tí Alhaja bá kí i, èsì kan náà ni: "Ara le, ma. Ògo ni fún Ọlọ́run." Obìnrin tí ara ẹ̀ le, tó ti ìrìn-àjò dé, tí ò sanwó ilé, kí lẹ fẹ́ kí onílé rò?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ejẹ́ǹtì Alhaja lẹ ìwé kúìtì mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀ pé kó kó jáde. Ọjọ́ méje péré. Mo fà á lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Alhaja tó ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A kúnlẹ̀.

"Ìyá Pẹ̀lúmi, ara ńkọ́?"

"Ara le, ma."

Inú bí mi. "Sọ̀rọ̀ jàre! Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Bámikẹ́ ká bùbá ẹ̀ sókè. Báńdéèjì ti rin gbingbin. "Alhaja, ara mi ò yá." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè.

Alhaja gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pé oṣù mẹ́rin, ma."

"Nínú ilé mi níbí? Mo rò pé ò ń fojú di mí ni, torí ọkọ mi ti kú." Ó fi etí ìborùn nu ojú. "Ká ní o ti sọ fún mi, ta ni ǹ bá lé? Mo ti gbowó lọ́wọ́ ọkùnrin kan láti Navy Town, mo ti fi kan páànù. Sátidé tó ń bọ̀ ló ń kó wọlé." Ó wá yíjú sí mi. "Bísọ́lá, ìwọ ni mo bi léèrè o. Ìwọ lo ní Ṣakí."

Láti oṣù mẹ́rin ni mo ti ń dá Bámikẹ́ lẹ́bi nínú ọkàn mi. Mi ò rántí dá ara mi lẹ́bi.

Nígbà tí Sátidé pé, Bámikẹ́ ò lè gbé ohun tó wúwo, èmi ni mo wọ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ wọ yàrá mi, tí kò gba èèyàn méjì dáadáa. Ọkùnrin Navy Town náà dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù ẹ̀. Ó wo Bámikẹ́ bó ṣe di ògiri mú.

"Àbí ara wọn ò yá ni?"

Bámikẹ́ wò mí.

"Ara wọn ò yá," mo ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."