Baba Dókítà Àgbàdo

Ní Ìjù-Odò, kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń yangàn láìpariwo bí Ambrose Olúsànyà. Àgbẹ̀ ni, oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ló fi ń jẹun, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àgbà ìjọ. Lọ́dún 1962 tí àkọ́bí rẹ̀, Olúfúnmilọ́lá, wọ yunifásítì, baba yìí kò sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni. Ó kàn ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìsìn ni, títí ẹnìkan yóò fi bi í pé ọmọ ńkọ́. Ìgbà náà ni yóò wá rọra dáhùn pé, "Ó wà ní yunifásítì. Dókítà ni yóò dà."

Ta ló sọ fún un pé dókítà ni? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Lójú Ambrose, ẹni tó bá ti kàwé kọjá Òkìtìpupa, bí kò bá di dókítà, lọ́yà ni yóò dà, ọmọ tòun kò sì fẹ́ràn àríyànjiyàn.

Ìgbà tí ọmọ dé fún Kérésìmesì ni ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n ń jẹ pùpùrú lọ́wọ́ nígbà tí baba bi í pé irú àìsàn wo ni wọ́n ti kọ́ wọn láti wò.

"Àìsàn àgbàdo ni, Bàbá," ni Fúnmilọ́lá dáhùn. "Ẹ̀kọ́ nípa irúgbìn àti ilẹ̀ ni mo ń kọ́. Agirónómì ni wọ́n ń pè é."

Òkèlè dúró sọ́wọ́ Ambrose. "Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n èyí tó jinlẹ̀ ni."

"Tèmi wá ń léfòó ni?"

Catherine, ìyàwó rẹ̀, yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Ambrose ti ń dọ́gbọ́n sí i. Kò purọ́ o, àgbà ìjọ ni. Bí wọ́n bá bi í léèrè, yóò ní, "Ọ̀rọ̀ àìsàn ló ń kọ́," yóò sì yára bi onítọ̀hún bí ọ̀pẹ rẹ̀ ṣe ń ṣe sí.

Ọgbọ́n náà gbé e dé ọlidé gígùn ọdún kejì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Lucas Adéjọbí, wòlíì ìjọ Aládùúrà kan ní Osooro, wọ súùtánà funfun, ó gbé Salome ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó dé sí ìloro Ambrose. Orúnkún Salome ti wú.

"A ti gbàdúrà sí i," ni Lucas wí. "Ìran sì fi hàn mí pé ọwọ́ dókítà inú ilé yìí ni ìwòsàn rẹ̀ wà."

Lójú ẹsẹ̀ ni Ambrose rántí pé òun kò tíì fún ewúrẹ́ lóúnjẹ. Fúnmilọ́lá ló kúnlẹ̀ kí àwọn àlejò. "Ẹ má bínú, mà. Ewé àgbàdo ni mò ń tọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n sìn yín lọ sọ́sibítù l'Ókìtìpupa."

Salome wo ọkọ rẹ̀ tìtì. "Wòlíì, ìran yẹn kò dárúkọ àgbàdo?"

Orúnkún Salome san lọ́sibítù, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbé jẹ́ẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Ambrose ti di Baba Dókítà Àgbàdo. Adésànyà, aládùúgbò rẹ̀, tilẹ̀ fi aṣọ wé ṣírì àgbàdo gbígbẹ kan, ó gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní aláìsàn náà kò fojú kan oorun láti àná. Ambrose kò rẹ́rìn-ín. Ó dùn ún dé ọkàn.

"O dójú tì mí," ló sọ fún ọmọ rẹ̀.

"Ẹ wá wo ibi tí mo ti ń ṣe é ná," ni Fúnmilọ́lá fèsì, "kí ẹ tó bínú tán."

Lọ́dún 1965, tí ọmọ fẹ́ ṣetán, ẹ̀ka wọn pe àwọn òbí wá gbọ́ ohun tí wọ́n gbé ṣe. Ambrose di agbádá rẹ̀ sínú àpótí, ó sì wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Inú gbọ̀ngàn ńlá ló jókòó sí, tó ń gbọ́ bí olùkọ́ kan ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àìsàn kan tó máa ń mú kí ewé àgbàdo pọ́n bí irin tó dípẹtà. Ó mọ̀ ọ́n. Òun náà ló pa gbogbo oko àgbàdo tó ní nígbà tí Fúnmilọ́lá ṣì kéré, tí Catherine fi ta aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ kí wọ́n tó jẹun. Olùkọ́ náà ní àwọn ti rí irú àgbàdo tí àìsàn náà kò lè pa, ó sì dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tó tọ́jú rẹ̀ dáadáa jù lọ.

Gbogbo ènìyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Fúnmilọ́lá. Wọ́n ṣíwọ́, wọ́n jókòó, Ambrose kò ṣíwọ́. Òun nìkan ló ṣẹ́kù lórí ìdúró.

Nígbà tí ọ̀gá ẹ̀ka náà wá kí i, tó bi í pé iṣẹ́ wo ni Bàbá ń ṣe, Ambrose tún etí agbádá rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, sà."

Àpò irúgbìn kékeré kan ló gbé bọ̀ wálé. Ó ta okùn sóko, ó fi gbin àgbàdo náà ní ẹsẹẹsẹ, kò sì jẹ́ kí Adésànyà gba àárín rẹ̀ kọjá. Ọ̀yà jẹ díẹ̀. Èyí tó kù yọmọ gan-an, wọ́n sì kó o lọ sọ́jà Ìlútítun.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìpẹtà ewé, gbọ̀ngàn, àti bí ọ̀gá ṣe bọ òun lọ́wọ́. Ìyá kan gbé agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó tún gbé e. "Bàbá, àgbàdo ni mo wá rà. N kò wá wọ yunifásítì."

Catherine wá rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ambrose kò bínú. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sábẹ́ igi, níbi tí awakọ̀ kan ti ń dúró kí ọkọ̀ rẹ̀ kún, ó jókòó tì í, ó sì wúkọ́ díẹ̀.