Èwo ló wọlé kẹ́yìn?

Database, ìwé ẹrù wa orí kọ̀ǹpútà, bá mi jiyàn láàárọ̀ yìí!

Afi, tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Nukafu, ní Lomé níbí, ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ẹrù oníbàárà kan wọlé. Mo ní kí database gbé èyí tó wọlé kẹ́yìn jáde. Ẹrù ẹlòmíràn tí èmi ti kọ ṣáájú ló gbé jáde. Díẹ̀ ló kù ká lẹ orúkọ ẹni yẹn mọ́ ẹrù oníbàárà wa.

"Afi, o ò tíì kọ ọ́."

"Mais, àmọ́ mo ti kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n! Ẹ wo aago yín."

Aago mẹ́wàá ni tiẹ̀, aago Lomé. Mọ́kànlá ni tèmi, aago Èkó tí mi ò tíì yí padà. Aago kọ̀ǹpútà oníkálùkù ni mo sì ní kó fi mọ èyí tó kẹ́yìn! Ìyẹn ló jẹ́ kí tèmi dà bí èyí tó wọlé lẹ́yìn tiẹ̀.

Afi rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ máa dé Lomé gan-an?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kúrò nílé, aago ibo ló wà lára fóònù yín?